Ẹ̀fẹ̀ Tí Kò Dúró Gba Èsì

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé pósí ló ń kàn jẹun. Káfíńtà ni. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, àga àti ilẹ̀kùn ló ń kàn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan lè lo ogójì ọdún lára ilé kó tó bàjẹ́, ìlú rẹ̀ kò sì tóbi. Àwọn tó ń kú kò dáwọ́ dúró ní tiwọn. Bó ṣe di Baba Pósí nìyẹn, tí àwọn ènìyàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹnu rẹ̀ mú. Bí ẹnì kan bá wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń bi í bóyá pósí náà kò ní fún òkú jù, á ní, "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Kò tíì sí oníbàárà kan tó padà wá sọ fún mi pé ó fún òun." Ẹni tó wọlé pẹ̀lú omijé á rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá jókòó, yóò nujú, yóò sì lè sọ bí òkú rẹ̀ ṣe ga tó. Ohun tí ẹ̀rín yẹn ń ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń jẹ́ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ rí ohùn fi sọ̀rọ̀.

Ìyá arúgbó kan wà ládùúgbò náà tí ẹ̀rù ikú ń bà débi pé kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá. Ẹ̀yìnkùlé àwọn ẹlòmíràn ló máa ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kan Baba Pósí rí i lókèèrè, ó pè é. Ó ní, "Màmá, ẹ wá, ẹ jẹ́ n wọ̀n yín. Àwọn ẹgbẹ́ yín jókòó sílé, àwọn ọmọ wọn ló ń bá wọn yan èyí tí kò bá wọn lára mu." Ìyá náà bú u dáadáa, ó bú bàbá rẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá, ó ní kó wọn òun, àti pé òun kò fẹ́ àwọ̀ ewé o. Ó wọ inú ọ̀kan tó wà nílẹ̀ láti gbìyànjú rẹ̀ wò, ó na ẹsẹ̀, oorun sì gbé e lọ. Ariwo tí ọmọ rẹ̀ obìnrin pa nígbà tó wá a débẹ̀ ló jí i. Ọdún mẹ́rin ló tún lò láyé lẹ́yìn ìyẹn, iwájú ṣọ́ọ̀bù ló sì ń gbà lójoojúmọ́, tí á máa ní kí wọ́n bá òun nu eruku orí bẹ́ẹ̀dì òun.

Mo sọ èyí kí o má baà rò pé mo ní ẹ̀fẹ̀ ikú burú. Kò burú. Àwọn àgbà tó ní ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín kò sọ pé ká yọ ẹ̀rín kúrò níbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè fi ẹ̀fẹ̀ bá Baba Pósí figagbága nílùú yẹn. Òun ni Agbẹ́lẹ̀, ọkùnrin tó ń gbẹ́ sàréè ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì gba ìtẹ̀bọmi. Ọ̀kan ń kan ilé, èkejì ń wá ilẹ̀ tí ilé máa dúró lé. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí wọ́n bá ti gbé pósí dé etí sàréè, kí ẹbí tó sún mọ́ ọn, ọ̀kan nínú wọn á rọra ju ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, á sì dúró. Èkejì á fèsì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì á pa ẹnu mọ́ títí erùpẹ̀ á fi bo gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ga bí òpó iná, Baba Pósí sọ pé, "Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń forí gbá àtẹ́rígbà ilé onílé. Kò ní forí gbá tèmi." Ó dúró. Agbẹ́lẹ̀ wo ihò tó gbẹ́, ó ní, "Kò sì ní ká ẹsẹ̀ kò nínú tèmi." Ọ̀rọ̀ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá gbọ́ ọ, o lè pè é ní àìlójútì. Ṣùgbọ́n bí o bá wo ọwọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ okùn kalẹ̀, wàá mọ̀ pé àwọn méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà.

Òfin méjì péré ló wà nínú ẹ̀fẹ̀ wọn. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá sọ tirẹ̀ kò ní sọ òmíràn àfi tí ẹnì kejì bá fèsì. Ìkejì, wọn kì í ṣe é níbi òkú ọ̀dọ́. Òkú ọ̀fọ̀ kì í gba ẹ̀fẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló yè fún Baba Pósí. Fadérera ni orúkọ rẹ̀. Inú lẹ́búlẹ́bú igi ló ti kọ́ ìrìn, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi sáńpépà ha pákó kó tó mọ ìwé kà. Bí igun pósí kò bá dọ́gba, òun ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á yí i ká lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Bàbá mi, èyí kò ṣeé tà fún òkú ènìyàn dáadáa." Nígbà tó dàgbà, ó di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú tó múlé gbè wọ́n. Ó rí ọkùnrin tó fẹ́ fi ṣe ọkọ. Bàbá rẹ̀ wá pákó afàrà mẹ́fà tó gbẹ dénú, ó fi wọ́n ti ògiri, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ló fẹ́ fi wọ́n kàn fún un.

Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló pa á. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni.

Ìwọ náà mọ àṣà wa. Òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Wọ́n mú Baba Pósí lọ sílé aládùúgbò kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn, àwọn àgbà sì jókòó tì í. Káfíńtà ìlú kejì ló kan pósí náà. Agbẹ́lẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀. Ọkùnrin tó ti bá gbogbo ìlú tọ́jú òkú wọn wà nínú yàrá kan, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sin ẹnì kan ṣoṣo tó wù ú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí rẹ̀. Ó dùn ún ju ikú náà fúnra rẹ̀ lọ, kò sì rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Wọ́n ní kó má sunkún jù, pé ẹni tó bá ń sunkún ọmọ jù ń la ọ̀nà fún òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Ó ní, "Ẹ ṣe ọkàn gírí. Omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Baba Pósí gbé ojú sókè. "Òótọ́ ni, bàbá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi pọn omi náà."

Lẹ́yìn náà ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, ara sì tu gbogbo wọn. Wọ́n ní ẹ wò ó, Baba Pósí ṣì ni Baba Pósí, kò sí ohun tó máa ṣe é. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà wọn, wọ́n sì ń lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lọ. Ó fi ohun tó rí yìí pamọ́ bí ẹni rí irinṣẹ́ tuntun.

Ìyàwó rẹ̀ kò lè gbọ́ ìró òòlù mọ́. Ó kó ẹrù díẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Agbẹ́lẹ̀ náà kò yà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bí wọ́n bá pàdé níbi ìsìnkú, Agbẹ́lẹ̀ á tẹjú mọ́ ilẹ̀, á máa da erùpẹ̀ bí ẹni tí òjò fẹ́ ká mọ́bẹ̀. Baba Pósí ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró, kò gbọ́ èsì. Ó rò ó sí pé ọ̀fọ̀ òun ló ń ba ọ̀rẹ́ òun lẹ́rù. Láti ìgbà náà ni kò ti dúró de èsì ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀fẹ̀ wá pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ní kó jẹun, á ní àwọn kòkòrò tó ń dúró de òun nísàlẹ̀ kò ní ṣàròyé pé òun rù. Bí wọ́n bá ní kó sá fún òjò kí òtútù má baà mú un, á ní, "Ṣé kí òkú mi lè dá ṣáká ni?" Á rẹ́rìn-ín, á sì ti bọ́ sórí òmíràn kí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tó dákẹ́ ẹ̀rín. Àwọn ènìyàn wá ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ tuntun. Wọ́n á gbé e dé ilé, wọ́n á sọ ọ́ fún ìyàwó wọn.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú náà, ó gbé àwọn pákó afàrà kúrò lára ògiri. Ó mú ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti òpó ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo ènìyàn, ó sì wọn ara rẹ̀ láti àtàrí dé gìgísẹ̀. Ó ní, "Mo ti rí oníbàárà tí kò ní yọ mí lẹ́nu."

Onígbàjámọ̀ kan wà ní òdìkejì títì. Ó sáré wá pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, àwọn tó ń dúró de irun gígé sì tẹ̀ lé e. Ó pariwo pé, "Baba Pósí, ẹ bá wa fi fèrèsé sí i o!"

"Fèrèsé kẹ̀? Ta ni mo fẹ́ máa wò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá wo ibi tó bá iṣẹ́ dé, tí wọ́n sì ń dámọ̀ràn. Ẹnì kan ní kó fi àpò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìgò ọtí.

Díákónì ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́, ó wá bá a wí. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ onígbàgbọ́, pé ẹnu ẹni là á fi í kọ mé jẹ, kó yé fi ikú ṣeré, kó máa ka Sáàmù. Baba Pósí fara balẹ̀ gbọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Díákónì kò bi í ní ohunkóhun. Ó gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lára bàtà rẹ̀, ó lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú Baba Pósí gan-an rèé. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kò tíì sunkún láti ọjọ́ náà, àti pé nígbà tó wá ń wá omijé, kò rí i. Kì í ṣe pé ikú wù ú. Ó ti bá ikú ṣiṣẹ́ pẹ́ jù láti rò pé ó lẹ́wà. Jíjí ló ti sú u. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan dà bí ẹrù tí wọ́n tún gbé kà á lórí lẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti àná. Ó ń kan pákó náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi sáńpépà ha á ju bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn lọ, ó sì ti mú ọjọ́ kan sọ́kàn. Ìdérí nìkan ló kù. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé òtítọ́ ló ń sọ fún gbogbo ìlú lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, ó ń fi ìfági fá ìdérí náà, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Agbẹ́lẹ̀ ni. Ó gbé ṣọ́bìrì kọ́ èjìká, ó sì fa fìlà bo etí méjèèjì nínú oòrùn gangan.

"Onílẹ̀, káàbọ̀," Baba Pósí sọ fún un. "Mo ti ń parí tèmi lọ, ìwọ ló kù. Má gbẹ́ ẹ jìn jù o. Òtútù kì í bá mi lára mu." Ó rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, ó sì tún ti ìfági síwájú.

Agbẹ́lẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ṣọ́bìrì kalẹ̀, ó fi ti ògiri níbi tí àwọn pákó wà tẹ́lẹ̀.

"Ọjọ́ wo?" ó ní.

"Ọjọ́ wo báwo?"

"O ní kí n gbẹ́ ilẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ mí. N kì í gbẹ́ ilẹ̀ tí n kò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa lò ó, kí òjò má baà kún un. Ọjọ́ wo?"

Baba Pósí la ẹnu. Ẹ̀fẹ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tó lè fi dáhùn, ó mọ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti fèsì, ó sì dúró. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti fèsì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, kò sì mọ bí òun ṣe lè tún sá fún un.

"Ọjọ́ Ẹtì," ó ní.

Agbẹ́lẹ̀ kò pariwo. Kò ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kò sì bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé. Ó kàn mi orí díẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì. Mo gbọ́." Lẹ́yìn náà ó gba ìfági lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jókòó sórí lẹ́búlẹ́bú igi nílẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́ kí òun náà jókòó.

"Àdìgún," ó ní. Oríkì rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fi pè é mọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. "Mo ti ń sá fún ọ. Mo mọ̀ pé o rí i. Onígbàjámọ̀ ló ń sọ ẹ̀fẹ̀ pósí rẹ fún mi láàárọ̀ yìí bó ṣe wá ń gé irun mi nílé. Mo rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti fèrèsé, mo tún rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í pé, nígbà tó sọ ìyẹn tán, ta ló fèsì? Ó ní o kì í dúró gba èsì mọ́, pé ìwọ lò ń sọ ọ́, ìwọ náà lò ń rẹ́rìn-ín rẹ̀. Mo dìde lórí àga, n kò jẹ́ kó gé e tán."

Ó ṣí fìlà. Lóòótọ́, ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ ti mọ́ kedere, ẹ̀gbẹ́ kejì sì kún bí oko tí wọn kò tíì ro. Baba Pósí wò ó.

"Kí ló dé tí o fi sá fún mi?" ó bi í.

"Nítorí mo mọ ibẹ̀, ìwọ kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá wò ọ́ lójú, wàá rí i lójú mi." Ó nu ẹnu rẹ̀. "N kò lè mú ọ débẹ̀. Àṣà tí a bá nílẹ̀ ni, èmi kọ́ ni mo máa yí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí n má sọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí fún ọ."

Ọwọ́ Baba Pósí di lẹ́búlẹ́bú igi mú.

"Ilẹ̀ rírọ̀ ni," Agbẹ́lẹ̀ sọ fún un. "N kò bá òkúta kankan pàdé níbẹ̀. Gbòǹgbò kan wà, mo fi ọwọ́ fà á yọ kó má baà gún un. Nígbà tí mo gbẹ́ ẹ tán, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dán. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí oòrùn bá mú, òjìji máa ń wà níbẹ̀."

Ẹkún náà dé nígbà yẹn. Ó dé bí ohun tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti oṣù mẹ́rin. Baba Pósí sunkún débi pé onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ láti òdìkejì títì, ó sì pa rédíò rẹ̀. Agbẹ́lẹ̀ kò ní kó dákẹ́. Ó gbé apá lé e léjìká, òun náà sì ń sunkún, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà sí.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Baba Pósí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ìṣó mélòó ni káfíńtà yẹn lò?" ó bi í.

"Mẹ́rìnlélógún."

"Mẹ́rìnlélógún! Ṣé ó rò pé ọmọ mi fẹ́ sá lọ ni?"

Ó sọ ọ́, ó sì dúró.

Agbẹ́lẹ̀ mí kanlẹ̀. "Igun rẹ̀ kò sì dọ́gba," ó fèsì. "Bí mo ṣe ń wò ó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn Fadérera létí mi pé èyí kò ṣeé tà fún òkú ènìyàn dáadáa."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà pọ̀ mọ́ ẹkún, wọn kò sì mọ èyí tí wọ́n ń ṣe mọ́. Wọ́n mọ̀ pé òkú ọ̀fọ̀ kì í gba ẹ̀fẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ṣe é.

Nígbà tí Agbẹ́lẹ̀ ń lọ, ó ru ìdérí pósí náà sórí, ó gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó fi ọ̀kadà gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ọsibítù, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn. Baba Pósí sọ fún obìnrin náà pé òun wá wo bí yàrá ìgbókùúsí wọn ṣe tóbi tó. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ń ro irú èyí tó ọjọ́ mélòó?" Ó wá rí i pé nọ́ọ̀sì náà mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Ọjọ́ náà gùn. Agbẹ́lẹ̀ ti dé ṣọ́ọ̀bù kí ìrì tó gbẹ, ó gbé ẹ̀kọ àti àkàrà lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì jẹun, wọ́n ń wo pósí tí kò ní ìdérí. Ọwọ́ Baba Pósí kò balẹ̀. Ọwọ́ káfíńtà kì í mọ ohun tó máa ṣe bí kò bá rí nǹkan mú. Agbẹ́lẹ̀ ní kó jẹ́ kí àwọn tú u. Wọ́n fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n sínú agolo. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi pákó bẹ́ẹ̀dì Fadérera kan bẹ́ńṣì gígùn kan, wọ́n sì gbé e sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Baba Pósí jókòó sí i, Agbẹ́lẹ̀ jókòó sí i, onígbàjámọ̀ náà rọra wá jókòó sí ìkángun rẹ̀. Pákó tó gba ẹnì kan ní ìdùbúlẹ̀, ó gba ẹni mẹ́ta ní ìjókòó.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó lo oògùn nọ́ọ̀sì fún ìgbà pípẹ́. Àwọn àárọ̀ kan wà tó jẹ́ pé Agbẹ́lẹ̀ ló máa ń wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ padà, ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sórí bẹ́ńṣì níta kó tó lè wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Baba Pósí kò sì fi ẹ̀fẹ̀ ikú sílẹ̀. Ó ṣì ń sọ ọ́ títí di òní, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́, á dákẹ́, á wo ojú rẹ. Ó ń dúró de ohun tí o máa sọ.

Òun nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi ìyà ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ilẹ̀kùn ló ń kàn. Ẹni tó gbọ́ ọ, tó rẹ́rìn-ín, tó sì kọjá lọ, ó yìn ín pé ó mọ ilẹ̀kùn kàn, kò ṣí i. Díákónì tó ní kó yé kanlẹ̀kùn kò ṣí i bákan náà. Ẹni tó bá sì ti kàn án títí tí kò sí ẹni tó dáhùn, bó pẹ́ bó yá, á kàn máa kàn án ṣáá ni, á sì ti gbàgbé pé òun fẹ́ wọlé.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí a ń pín iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, o ní kí a má kọ orúkọ rẹ sí iṣẹ́ kankan, pé inú ìwé ètò ìsìnkú ló máa wúlò jù. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí n tó rántí pé ọdún kan kò tíì pé tí ìyàwó rẹ ti ṣaláìsí, àti pé bí o ṣe sọ ọ̀rọ̀ yẹn tán, o ti mú fìlà rẹ, o ti ń lọ.

Ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè ọ́ nìyẹn. N kò pè ọ́ wá bá ọ wí. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn, màá sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ kan tí ìwọ náà bá wà níbẹ̀. Bẹ́ńṣì tí o jókòó lé yìí kì í ṣe ti Baba Pósí o, ṣùgbọ́n ó gùn, n kò sì ní ibi tí mo ń lọ lónìí. Gbé fìlà rẹ sílẹ̀. Mo pẹ́ kí n tó fèsì, má bínú.

Ọjọ́ wo?